Òǹtẹ̀ Ọ̀gá Soumanou

Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan wà ní Houinmè, ní Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Kouboura ló ni ín. Ẹ̀rọ kan ló ní, tábìlì kan, àga kan tí òun fúnra rẹ̀ ń jókòó lé. Páálí ló kún ìyókù yàrá. Ọ̀sán Jímọ̀ ni. Lọ́la ni ìwé Habibath máa jáde ní gbangba, ọmọ ọdún mọ́kànlá tó gba ipò kìíní nínú ìdíje ìtàn kíkọ àdúgbò. Ọ̀gá Soumanou ló dá ìdíje náà sílẹ̀. Aṣọ́bodè ni kó tó fẹ̀yìn tì. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló ti di òǹkọ̀wé àwọn ọmọdé, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó fi í joyè. Òun ló ń wọlé bọ̀ yìí: awò dúdú lójú, fèrè iṣẹ́ àtijọ́ lọ́rùn, àpòòwé ńlá lábíyá.

SOUMANOU: *(Kò kí ẹnikẹ́ni.)* Kouboura! Ṣé o mọ ẹni tó wọlé?

KOUBOURA: Ẹ káàsán, Ọ̀gá. Ẹ kú ìrun Jímọ̀. Ẹ̀yin ni.

SOUMANOU: Èmi ta ni?

KOUBOURA: Ọ̀gá Soumanou, aṣọ́bodè.

SOUMANOU: Ti àná nìyẹn! Òǹkọ̀wé àwọn ọmọdé ni mí lónìí. Ààrẹ Ẹgbẹ́ Agba-Èwe-Níyànjú.

KOUBOURA: Háà, ẹ kú oríire. Ọ̀gá, ìwé ọmọ yẹn, ó ti...

SOUMANOU: Mo mọ̀! *(Ó wá àga títí, kò rí. Ó fi ẹsẹ̀ fa páálí ńlá kan sún mọ́ ara rẹ̀.)*

KOUBOURA: Yéè, Ọ̀gá, ẹ má jókòó lé ìyẹn o, ìwé ló...

SOUMANOU: Mo mọ̀! Kí ni wọn ì bá tún kó sínú páálí ní ilé ìtẹ̀wé? Ṣé ẹja ni? *(Ó jókòó gbáà. Páálí ké kíẹ́.)*

KOUBOURA: Ó dáa. Ẹ ti ní ẹ mọ̀.

SOUMANOU: Iṣẹ́ ńlá ni mo gbé wá. Lọ́la, gbogbo Àjàṣẹ́ ló máa mọ̀ pé àwa ń gba àwọn òǹkọ̀wé kéékèèké níyànjú.

KOUBOURA: Báwo lẹ ṣe ń gbà wọ́n níyànjú, Ọ̀gá? Mo kàn ń béèrè ni o. Èmi ò mọ̀ ju ẹ̀rọ yìí lọ.

SOUMANOU: Gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú ni mo ń kó wọn jọ. Màá dúró níwájú wọn, màá bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ìgbésí ayé mi fún wákàtí méjì.

KOUBOURA: Ìgbà wo wá ni wọ́n ń kọ̀wé?

SOUMANOU: Tí mo bá ti lọ! Ṣé àgbà á máa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kí ọmọdé máa kọ̀wé? Àfojúdi nìyẹn.

KOUBOURA: Òótọ́ ni. Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Kí lẹ ti kọ fún àwọn ọmọdé?

SOUMANOU: Ọ̀rọ̀ ìṣáájú.

KOUBOURA: Ti ìwé wo?

SOUMANOU: Ti àwọn ìwé tí n óò kọ. Mọ́kànlá ni mo ti kọ. Àwọn ìwé náà ni kò tíì dé.

KOUBOURA: Ẹ ti kọ́ ẹnu ọ̀nà mọ́kànlá, Ọ̀gá, kò sí ilé kankan nídìí ẹ̀.

SOUMANOU: Òǹkọ̀wé gidi kì í kánjú. Jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ojú-ìwé mélòó ni ìwé ọmọ náà?

KOUBOURA: Mẹ́rìnlélógún. Ìtàn gba mẹ́rìndínlógún, àwòrán tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà gba mẹ́jọ. Ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ rèé.

*(Ó kó ìwé àfọwọ́kọ Habibath sórí tábìlì, ó tò ó dáadáa. Ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ẹ má fọkàn tán irú ojú bẹ́ẹ̀.)*

SOUMANOU: Yọ àwòrán.

KOUBOURA: Gbogbo ẹ̀?

SOUMANOU: Fọ́tò ló ń bọ̀. *(Ó tú àpòòwé.)* Èmi nìyí lára èèpo ìwé, nínú aṣọ iṣẹ́. Ojú-ìwé kejì, ìtàn ìgbésí ayé mi. Ẹ̀kẹta, ìgbà tí wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ mi láyà. Ẹ̀kẹrin, àmì ẹ̀yẹ náà fúnra rẹ̀, láìsí èmi.

KOUBOURA: Kí wọ́n lè rí i dáadáa.

SOUMANOU: Ehen, ó yé ọ. Lẹ́yìn náà, párẹ́n ìwé. Ìwé tó bá máa jáde ní ìlú wa yìí láìní párẹ́n tó máa dúró bíi bàbá rẹ̀ níwájú èrò, ọmọ tí kò ní bàbá ni. Ojú-ìwé méjì. Márẹ̀n náà, ìyá ìwé: Madamu Murielle tó ń ta sìmẹ́ńtì. Méjì.

KOUBOURA: Mẹ́jọ ti pé. Ìtàn ọmọ kò tíì farapa. Ọlọ́run ṣeun.

SOUMANOU: Párẹ́n ní ìyàwó méjì.

KOUBOURA: Ha.

SOUMANOU: Tí a bá fi ìyálé sí i tí a kò fi ìyàwó, ogun! Tí a bá fi ìyàwó tí a kò fi ìyálé, ogun! Tí a bá kó wọn sójú-ìwé kan náà ńkọ́?

KOUBOURA: Wọ́n á jà nínú ìwé.

SOUMANOU: Ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan. Yọ méjì nínú ìtàn.

*(Kouboura mú ewé ìwé méjì kúrò nínú ìtàn, ó tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tẹ́ ọmọ aláìsàn.)*

KOUBOURA: Ó ku mẹ́rìnlá. Ọ̀gá, ṣé kí n má kàn fi bébà kan kún un? Bébà kan, ojú-ìwé mẹ́rin ni.

SOUMANOU: Láéláé! A ti fi aṣọ ìpolówó kọ́ oríta: «Ìwé olójú-ìwé mẹ́rìnlélógún». Rédíò ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣé o fẹ́ kí n parọ́ fún àwọn ọmọdé ni?

KOUBOURA: Ká má rí i.

SOUMANOU: Olórí àdúgbò, ojú-ìwé méjì. Fọ́tò iwájú, fọ́tò ẹ̀gbẹ́.

KOUBOURA: Ó ku méjìlá. Kí ló ṣe lára ìwé yìí?

SOUMANOU: Kò dí wa lọ́wọ́. Nísinsìnyí, ìdúpẹ́. Ojú-ìwé mẹ́rin. Mo ti tò wọ́n ní ìpele ìpele, má ṣi ẹnì kan gbé síwájú ẹnì kejì. Nínú ìlú yìí, ẹni tó o bá kọ orúkọ rẹ̀ sí ipò kejì á bá ọ ṣọ̀tá dé orí ọmọ-ọmọ.

KOUBOURA: Ó ku mẹ́jọ. Orúkọ Habibath wà nínú ìdúpẹ́?

SOUMANOU: Ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

KOUBOURA: Ọ̀gá. Ọmọ tó kọ ìwé náà.

SOUMANOU: Áà, ọmọ yẹn! Ọmọ dáadáa ni. Orúkọ rẹ̀ á wà níbẹ̀.

KOUBOURA: Níbo?

SOUMANOU: Lẹ́yìn ìwé. Nísàlẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ilé ìtẹ̀wé rẹ.

KOUBOURA: Ọ̀gá, tèmi gan-an kéré níbẹ̀, èèrà ló lè kà á.

SOUMANOU: Ẹ ó jọ máa bára yín ṣeré níbẹ̀.

KOUBOURA: *(Àwàdà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀.)* Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ọmọ yẹn fi ń yà síbí tí wọ́n bá jáde nílé-ìwé. Kì í wọlé. Ẹnu ọ̀nà yẹn ló ń dúró sí, á ní, «Tántì, ṣé orúkọ mi ti wà lára ẹ̀?» Tí mo bá ní ó ku díẹ̀, á ní ó dáa, á lọ. Ó dùn mí. Ìwé kan ṣoṣo tí ọmọ náà béèrè lọ́wọ́ ayé nìyẹn.

SOUMANOU: Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.

KOUBOURA: Òdodo ọ̀rọ̀. Ṣé àwọn àkísà náà lẹ kó sínú àpòòwé yẹn?

SOUMANOU: Kí lo wí?

KOUBOURA: Mo ní àpòòwé yẹn dára.

SOUMANOU: Ehen. Àwọn aṣọ́bodè tó ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi, fọ́tò gbogbogbò. Méjìdínlógójì ni wá, ojú-ìwé méjì ló lè gbà wá.

KOUBOURA: Ó ku mẹ́fà.

SOUMANOU: Bòbí, ojú-ìwé kan.

KOUBOURA: Bòbí wo?

SOUMANOU: Ajá tí a jọ ṣiṣẹ́. Ajá yẹn lè gbóòórùn ẹrù fàyàwọ́ láti Sèmè-Kpodji dé Avrankou.

KOUBOURA: Ajá gba odindi ojú-ìwé, ọmọ gba èèrà. Ó ku márùn-ún.

SOUMANOU: Ìpolówó sìmẹ́ńtì márẹ̀n. Kan.

KOUBOURA: Mẹ́rin. Àwọn ọmọdé á nílò rẹ̀, wọ́n fẹ́ràn ilé kíkọ́.

SOUMANOU: Lẹ́yìn náà, ojú-ìwé mẹ́ta òfìfo.

KOUBOURA: Òfìfo?

SOUMANOU: Ibi tí n óò máa bu ọwọ́ lù fún àwọn èrò! Ìbuwọ́lù mi gùn. Tí mo bá tún fẹ́ lu òǹtẹ̀ lé e ńkọ́? *(Ó fa òǹtẹ̀ onígi kan yọ nínú àpò, ó fẹnu kò ó.)* Òǹtẹ̀ mi rèé. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi lu òǹtẹ̀ lẹ́nubodè, Kouboura. Ohun tí mo bá ti lu òǹtẹ̀ lé, ó ti kọjá nìyẹn. Kò sí ẹ̀dá tó lè dá a padà.

KOUBOURA: Kò sí ẹ̀dá. Ẹ̀yin náà ńkọ́?

SOUMANOU: Èmi gan-an ò tó bẹ́ẹ̀!

KOUBOURA: Mo ti gbọ́. Ó ku ojú-ìwé kan ṣoṣo fún Habibath, Ọ̀gá. *(Ó gbé ewé kan sókè. Ìyókù ti wà nílẹ̀.)*

SOUMANOU: Ẹyọ kan yẹn, pín in sí méjì. Fọ́tò yìí ló máa wà lókè: èmi rèé, mo ń gba òǹkọ̀wé kékeré níyànjú.

KOUBOURA: *(Ó gba fọ́tò, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.)* Ẹ̀yin ni mo rí. Òǹkọ̀wé kékeré dà?

SOUMANOU: Ẹ̀yìn orí rẹ̀ nìyẹn.

KOUBOURA: Mo pè é ní ìkòkò. Ó dáa. Ìlà mẹ́rin ló kù fún ìtàn. Ìlà wo ni kí n fi sílẹ̀?

SOUMANOU: Ti ìkẹyìn. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ máa ń wà.

KOUBOURA: Ẹ mọ ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀?

SOUMANOU: Mo mọ̀! Ó ní kí ọmọdé máa gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu.

KOUBOURA: Ẹ ti ka ìtàn náà?

SOUMANOU: Kí n kà á kí n ṣe kí ni?

KOUBOURA: Ẹ̀yin lẹ mú un ní ipò kìíní.

SOUMANOU: Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́! Àwọn tó kù, lẹ́tà wọn ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí. Tirẹ̀ dúró ṣánṣán lórí ìlà. Mo lu òǹtẹ̀ lé e. Lẹ́nubodè, tí ìwé ẹrù bá ti mọ́, èmi kì í tú àpò. Ó yá, tan ẹ̀rọ. Tẹ̀ ẹ́ báyìí, màá dúró.

*(Kouboura kò dìde. Ó kó ọwọ́ lé tábìlì.)*

KOUBOURA: Ọ̀gá, a ti tẹ̀ ẹ́.

SOUMANOU: Mo mọ̀! *(Ó yíjú wò ó.)* O ti tẹ kí ni?

KOUBOURA: Ìwé náà. Láti Ọjọ́rú. Odindi ìtàn, gbogbo àwòrán. Orúkọ Habibath wà lára èèpo, ó tóbi ju orúkọ tí wọ́n kọ sára ilé ìtajà oògùn lọ. Ó wá gba ẹ̀dà tirẹ̀ lánàá. Mo fẹ́ fi ọ̀rá wé e fún un, ó kọ̀, ó gbá a mọ́yà lọ sílé.

SOUMANOU: Ta ló ní kí o tẹ̀ ẹ́?

KOUBOURA: Ẹ̀yin ni. *(Ó fa bébà kan yọ nínú dùrọ́ọ̀.)* Bọ́n-à-tiré là ń pe èyí lẹ́nu iṣẹ́ wa. Oníbàárà á ka ìwé tán, á fọwọ́ sí i pé ó tẹ́ òun lọ́rùn, àwa á sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ yà síbí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọlọ́kadà yín ń dúró níta. Mo gbé gbogbo ìwé náà síwájú yín. Mo ní, «Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á.» Bébà lẹ rí báyìí, ẹ ti fa òǹtẹ̀ yọ.

SOUMANOU: *(Ó bọ́ awò.)* Ayédèrú ni.

KOUBOURA: Òǹtẹ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹ lu ọ̀kan, ẹ ní kò hàn. Ẹ lu èkejì, ẹ ní ó wọ́. Ẹ̀kẹta lẹ fi rẹ́rìn-ín. Ẹ tún lu ọ̀kan sórí tábìlì mi. Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò lọ. Òun nìyẹn.

SOUMANOU: Kí ló dé tí o ò sọ látìgbà tí mo ti wọlé?

KOUBOURA: Mo bẹ̀rẹ̀, ẹ ní ẹ mọ̀.

SOUMANOU: Tẹ òmíràn!

KOUBOURA: Bébà ti tán. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la ni ayẹyẹ. Àti pé ohun tí ẹ bá ti lu òǹtẹ̀ lé, Ọ̀gá...

SOUMANOU: *(Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.)* Mo mọ̀.

*(Ó yí ìdí padà. Páálí ké kíẹ́ nídìí rẹ̀.)*

SOUMANOU: Kí ló tilẹ̀ wà nínú ìtàn náà?

KOUBOURA: Ẹ dúró, ẹ̀dà kan wà níbí. *(Ó ṣí ìwé pélébé kan, ó ń kà.)* «Àkùkọ kan wà ní agbo ilé wa. Ó wọ awò dúdú, ó so fèrè mọ́ ọrùn. Bí adìẹ bá ti yé ẹyin, àkùkọ á fọn fèrè, á ní: Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe! Bí ẹyẹ kan bá fẹ́ fò kọjá, á ní: Ìwé rẹ dà? Á ti ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀, á fi lu òǹtẹ̀ sí i nídìí.»

SOUMANOU: *(Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀.)* Yéè! Ọmọ yìí burú! Ó burú kọjá ààlà! Mo mọ àkùkọ yẹn!

KOUBOURA: Ẹ mọ̀ ọ́n?

SOUMANOU: Párẹ́n ni! Ṣé o ò rí i bó ṣe fẹ́ràn ariwo? Párẹ́n gan-an nìyẹn!

KOUBOURA: Párẹ́n ní fèrè?

SOUMANOU: *(Ó ń fi ọwọ́ yí fèrè tirẹ̀ lọ́rùn.)* Ọmọdé ni, ó ní láti dọ́gbọ́n bò ó! Ó fi fèrè kún un kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Ọgbọ́n òǹkọ̀wé nìyẹn, ìwọ ò lè mọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọmọ náà. Kà á lọ!

KOUBOURA: «Lọ́jọ́ kan, adìẹ yé ẹyin kan tó tóbi ju gbogbo ẹyin lọ. Wọ́n fẹ́ gbé e jáde fún aráyé wò. Àkùkọ ní: Ẹ dúró ná, ẹ yà mí ní fọ́tò lórí ẹ̀. Ó gun orí ẹyin. Ẹyin fọ́. Àkùkọ bojú wolẹ̀, ó ní: Ta ló da omi síbí?» Ó tán.

*(Soumanou rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ gbá páálí tó jókòó lé. Lójijì, ẹ̀rín kú.)*

SOUMANOU: Mo gbé! Párẹ́n ń bọ̀ lọ́la. Iwájú ló máa jókòó. Kò gbọ́dọ̀ rí ìwé yìí.

KOUBOURA: Ó ti rí i. Ó yà síbí lánàá láti wá wo ìwé tó fẹ́ ṣe bàbá fún. Ó kà á lórí ìdúró. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi já bọ́ lórí ẹ̀. Ẹ̀dà mẹ́ta ló kó lọ, méjì fún àwọn ìyàwó ẹ̀, ó ki ọ̀kan bọ àpò.

SOUMANOU: Ó rẹ́rìn-ín? Kò mọ̀ pé òun ni?

KOUBOURA: Ó ní ẹ̀yin ni.

*(Soumanou wo Kouboura. Ó wo fèrè àyà rẹ̀. Ó wo awò dúdú tó mú lọ́wọ́.)*

SOUMANOU: Madamu Murielle ńkọ́?

KOUBOURA: Ó ní ẹ̀yin ni.

SOUMANOU: Olórí àdúgbò?

KOUBOURA: Òun nìkan ló ní kò lè jẹ́ ẹ̀yin.

SOUMANOU: Ehen! Àgbà kì í wà lọ́jà! Ọlọ́gbọ́n èèyàn! Kí ló wí?

KOUBOURA: Ó ní àkùkọ yẹn kò sọ̀rọ̀ tó yín.

SOUMANOU: *(Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ yẹ̀ ẹ́, ó tún padà jókòó gbáà. Páálí ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.)* Ó tó! Kò sí ìwé kankan tó máa jáde lọ́la! Kó gbogbo ìwé yẹn fún mi, gbogbo wọn pátá, màá tì wọ́n mọ́lé! Níbo ni wọ́n wà? Kouboura, mo ní níbo ni wọ́n wà?

*(Kouboura rọra dìde, ó yí tábìlì ká, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i bí ẹni fẹ́ gbé arúgbó kúrò lórí ẹní.)*

KOUBOURA: Ẹ rọra dìde, Ọ̀gá. Orí ẹyin lẹ jókòó lé.